Àwo Tí Ìyá Kànìnkànìn Kò Fọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìyá tí mò ń sọ yìí, ẹ má wulẹ̀ wá a jìnnà. Ibi tí ìdọ̀tí bá wà lẹ ó ti bá a. Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Kànìnkànìn nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí ọkùnrin náà wọlé tí kò bá a nídìí nǹkan tó ń fọ̀. Bí kò bá fọ abọ́, á fọ ògiri. Bí ògiri bá mọ́, á dojú àga délẹ̀, á máa fọ abẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé àlejò máa ń yẹ abẹ́ àga wò kí wọ́n tó jókòó. Orúkọ náà tẹ̀lé e dé ibi iṣẹ́, àwọn èèyàn sì gbàgbé èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Oṣù méje sẹ́yìn ni ọkọ náà kú. Ó jókòó sétí ibùsùn láàárọ̀ láti wọ bàtà rọ́bà tó fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ó wọ ọ̀kan, kò wọ èkejì. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ èyí tó wọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó gbé méjèèjì sá sóòrùn, kó tó lọ ké sí aládùúgbò. Kò sunkún lọ́jọ́ náà, kò sì sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le, àwọn mìíràn ní akin obìnrin ni. Irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. Òun fúnra rẹ̀ ń retí ẹkún náà bí èèyàn ṣe ń retí ọkọ̀ létí títì; ọkọ̀ ò dé, ó bá padà sílé lọ fọ abọ́.

Ohun tó ń ṣe é, kò lórúkọ. Ẹ ṣáà mọ bí ìka ọwọ́ ṣe ń kú béèyàn bá tì í bọ omi tútù pẹ́. Èèyàn á máa wò ó, á rí i pé ìka òun ni, ìka náà á sì máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní í mọ̀ ọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara ìyá yìí rí. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń dáhùn ìkíni. Bí wọ́n bá dápàárá, á rẹ́rìn-ín ní àsìkò tó yẹ. Kò sí ohun tó dùn ún. Ìyẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù díẹ̀, ẹ̀rù náà pàápàá kò sì wọ̀ ọ́ lára.

Ló bá dojú kọ ilé. Àpá dúdú tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti fi sí apá àga láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ó fọ̀ ọ́ lọ. Ibi tí orí rẹ̀ máa ń kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́ títí ọ̀dà fi ṣí. Ẹ̀wù òjò tí ọkùnrin náà fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélógún, tó ti gan débi pé ó máa ń dúró fúnra rẹ̀ bí ẹni pé èèyàn wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ.

Ẹ̀wù yẹn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, tíṣà ni ní ìlú mìíràn. Ó wá kí ìyá rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun fẹ́ mú ẹ̀wù òjò bàbá òun lọ. Ìyá rẹ̀ yọ ọ́ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù; ó ti ká a dáadáa. Ọmọ náà tú u, ó gbé e sí imú, ó tún gbé e sí imú. Òórùn ọṣẹ nìkan ló gbọ́. Láti kékeré ni ọwọ́ bàbá rẹ̀ àti ẹ̀wù náà ti ń rùn bákan náà, òórùn omi òkun tó ti pẹ́ nínú táǹkì, bí ewé tútù tí wọ́n pò mọ́ irin. Bí bàbá náà bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ìyàwó rẹ̀ bá ní kó lọ fọ ọwọ́, ọmọ yìí ló máa ń di ọwọ́ náà mú pé kò ní í fọ̀ ọ́.

"Màámi," ó ní, "ẹ ti fọ bàbá mi kúrò nínú ilé yìí."

Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀wù náà dọ̀tí ni. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ọmọ náà wọ ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ kejì láìjẹun. Láti ìgbà náà, orí fóònù ni wọ́n ti ń kíra: ẹ káàárọ̀, ṣé àlàáfíà ni, ó dàbọ̀.

Ilé iṣẹ́ tí mo ń wí wà létí omi, níbi tí òkun ti ń wọ inú odò. Ọ́ísítà ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, ẹran rírọ̀ kan tó ń gbé láàárín ìkarahun méjì. Ọkọ Ìyá Kànìnkànìn ló ń tọ́jú àwọn ọmọ ọ́ísítà ní yàrá tí wọ́n ń pè ní ilé ọmọ, ìyàwó sì ń nulẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, wọ́n ní kí ìyàwó wá bọ́ sípò rẹ̀. Ó bọ́ síbẹ̀ bí èèyàn ṣe ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà, láìwò ó.

Ọmọ ọ́ísítà kì í jọ ìyá rẹ̀. Ó kéré ju hóró ìyẹ̀fun lọ, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta bí ẹni tí kò nílé. Lẹ́yìn náà, àmì dúdú kan á yọ sí i lára, ìyẹn ojú rẹ̀, á sì hu ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń wá ibi tó máa gbé. Á bà sórí nǹkan, á fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á dìde, á tún lọ. Bó bá rí ibi tó wù ú, á lẹ ara rẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ẹsẹ̀ náà á sì parẹ́, nítorí kò tún ní í rìn mọ́ títí ayé. Bí kò bá sì rí ibi kankan láàárín ọjọ́ mélòó kan, á rẹ̀ ẹ́, á rì sísàlẹ̀, á kú.

Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni láti wá ibi tó máa wù wọ́n. Àwo ike pẹlẹbẹ ló ń lò, tó fẹ̀ tó ìdérí ìkòkò, tí wọ́n lu ihò sí láàárín kí wọ́n lè to ogún wọn sórí ọ̀pá kan. Á rì wọ́n sínú ẹfun àti sìmẹ́ǹtì tó ti pò, á sá wọn gbẹ, á kó wọn sínú omi òkun fún ọjọ́ méjìlá. Ọjọ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, á wọlé, á nà gbalaja sórí àga, á ní, "Mo ti tẹ́ ẹní fún àwọn ọmọ mi." Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín." Aláwàdà ni ọkùnrin náà, kò sí ẹni tó ń ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó tún ní àṣà kan: bí wọ́n bá ní kó ṣe ọ̀pá mẹ́wàá, méjìlá ló máa ṣe. Ó ní méjì tó lé yẹn, ti àlejò ni.

Ọdún tó kọjá ni àrùn kan wọ inú omi náà, ó sì pa ọ́ísítà lọ rẹpẹtẹ. Ọkọ rẹ̀ jókòó ti òkìtì ìkarahun fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ń kan ọ̀kan mọ́ èkejì, ó ń tẹ́tí. Èyí tó bá kú á dún bí agolo òfìfo. Èyí tó wà láàyè, ohùn rẹ̀ á ki. Méjìlélógún ló rí nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó kó wọn sínú táǹkì lọ́tọ̀, ó sì ń kí wọn lárààárọ̀ bí ẹni ń kí àgbà ilé. Lọ́dún yìí, lẹ́yìn tí òun ti lọ, àwọn méjìlélógún náà bímọ, ọmọ tí kò lóǹkà.

Dókítà ló sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí fún Ìyá Kànìnkànìn. Obìnrin kan ni, tí kò ju ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ lọ, tí gbogbo ilé iṣẹ́ sì ń pè ní Dókítà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹran omi nìkan ló ń tọ́jú. Ó ní àwọn àgbà ọ́ísítà náà kò ní í bí mọ́ lọ́dún yìí, bóyá wọ́n ò sì ní í wà láàyè di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀gá àgbà ti ní bí àwọn ọmọ yìí kò bá lẹ̀ mọ́ àwo, òun á ti ilé ọmọ pa, òun á máa ra ọmọ níbòmíràn. Ìyá náà gbọ́ ọ yé. Ohun kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì parí nìyẹn. Orí rẹ̀ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Àyà rẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

Ó ṣe gbogbo ohun tí Dókítà ní kó ṣe. Ó ri àwọn àwo náà sínú ẹfun, ó sá wọn, ó kó wọn sómi fún ọjọ́ méjìlá géérégé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlá tí àwọn ọmọ náà ti yọ ojú, ó fa àwọn àwo náà sókè. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ti bò wọ́n, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ń yọ̀ bí ara ẹja. Ojú tì í. Ṣé àwo báyìí lèèyàn máa gbé síwájú ọmọ ẹlòmíràn? Ó mú kànìnkànìn, ó ṣí ẹ̀rọ omi tí kò níyọ̀, ó sì fọ igba àwo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, títí wọ́n fi funfun bí eyín. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn mọ́ ọn nínú. Nígbà tí Dókítà máa fi dé, àwọn àwo ti wà nínú táǹkì dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀. Dókítà da àwọn ọmọ náà sí i, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé.

Lọ́jọ́ kìíní, kò sí ọ̀kan tó lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Dókítà gbé àwo kan sábẹ́ awò ńlá tó ń sọ kékeré di ńlá, ó sì pe ìyá náà wá wò ó. Àwọn ọmọ náà ń bà, wọ́n ń na ẹsẹ̀, wọ́n ń dìde. Ìyá náà rò ó pé wọ́n jọ àwọn tó yẹ ilé wò tí wọ́n ní àwọn á padà wá. Dókítà yí ìgbóná omi padà, ó yí oúnjẹ wọn padà, síbẹ̀ kò mú ìyàtọ̀ kankan wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, àwọn kan ti ń rì. Dókítà fa àwo kan yọ, ó fi ìka nù ún. Àwo náà dún fíín.

"Ìyá, ta ló fọ àwọn àwo yìí?"

"Èmi ni. Mo fọ̀ wọ́n mọ́ dáadáa."

Dókítà kò pariwo. Ó dojú korobá kan délẹ̀, ó jókòó lé e. Ó ṣàlàyé fún un, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé awọ tó ń yọ̀ yẹn gan-an ni àwọn ọmọ náà ń wá. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ibì kan ṣeé gbé, pé nǹkan ẹlẹ́mìí ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn.

"Ibi tó mọ́ tónítóní," ó ní, "lójú tiwọn, ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí ni. Ẹ̀bi mi ni, mà. Ọkọ yín mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé mo sọ ọ́, mo sì gbàgbé pé ó yẹ ká sọ ọ́ fún èèyàn."

Ọjọ́ méjìlá ni awọ mìíràn máa gbà kó tó hù. Àwọn ọmọ náà kò ní ju ọjọ́ méjì lọ mọ́.

Ìyá Kànìnkànìn dúró pẹ̀lú kànìnkànìn rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti fọ ọkọ rẹ̀ kúrò nílé, ó ti wá fọ̀ ọ́ kúrò níbi iṣẹ́. Ó dúró kí ó dun òun. Kò dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ là, ó ní, "Ẹní."

Dókítà béèrè pé ẹní kí ni. Ìyá náà ti ń lọ. Ọkùnrin yẹn tẹ́ ẹní fún wọn lóòótọ́, òun ló ń pè é ní àwàdà. Bó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ni ti ẹní, òótọ́ ni ti àlejò náà. Ẹ̀yìn ilé pọ́ǹpù ló gbà, níbi tí òun ti máa ń rí ọkọ rẹ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí òun bá ń gbálẹ̀. Gọ́tà kan wà níbẹ̀ tí omi tó bá kúrò lọ́dọ̀ àwọn méjìlélógún ń gbà kọjá, wọ́n sì fi pákó bò ó. Kò tíì gbé kànìnkànìn débẹ̀, nítorí ohun tí kò bá hàn síta kì í yọ ọ́ lẹ́nu.

Ó gbé pákó náà. Ọ̀pá méjì ló sùn síbẹ̀, ogójì àwo, wọ́n dúdú, wọ́n nípọn, omi ń ṣàn lórí wọn jẹ́jẹ́. Oṣù méje ni wọ́n ti ń dúró. Ó fa ọ̀kan jáde, ó sì rí i pé ní etí rẹ̀, ibì kan wà tí ẹfun kò dé, ó rí rogodo bí ẹyin ẹyẹ. Ó wo èkejì, ó wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ní in. Ọkọ rẹ̀ kì í wọ ìbọ̀wọ́. Àtàńpàkò ló fi ń di àwo mú bó bá ń rì í sínú ẹfun, ibi tí àtàńpàkò náà bá wà ni ẹfun kì í mú. Ìyá náà gbé àtàńpàkò tirẹ̀ lé e. Kò kún un.

Inú Dókítà, tó ti tẹ̀lé e dé ibẹ̀, dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ṣubú, ṣùgbọ́n ó ní ìdọ̀tí náà ti nípọn jù, àwọn ọmọ á rì sínú rẹ̀. Kí ìyá fi omi òkun ṣan òkè rẹ̀ lọ, kó ṣẹ́ ku awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ìsàlẹ̀. Kò gbọdọ̀ lo ọṣẹ, kò gbọdọ̀ lo kànìnkànìn. Àtẹ́lẹwọ́ nìkan.

Ẹ wò ó, bẹ́ẹ̀ ni ìyá yìí jókòó ti korobá omi òkun láti àárọ̀ di ọ̀sán, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra àwo, tó sì ń dá ọwọ́ dúró kó tó mọ́. Ọwọ́ tó ti fi ogójì ọdún fọ nǹkan kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá dé orí awọ tó kẹ́yìn, ọwọ́ náà á fẹ́ máa lọ, á sì fà á sẹ́yìn bí ẹni tó ń fa ajá. Nígbà tó parí, kò sí ọ̀kan nínú àwọn àwo náà tó mọ́. Ó kó wọn wọ inú táǹkì. Dókítà sẹ́ àwọn ọmọ tó kù láàyè, ó dà wọ́n sí i, wọ́n tún pa ilẹ̀kùn dé.

Ọjọ́ méjì ni ìyá náà fi jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn láti ìgbà tó bá dé iṣẹ́ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Wọ́n ní kó nulẹ̀, ó ní ilẹ̀ ò dọ̀tí. Àwọn òṣìṣẹ́ wo ara wọn lójú, nítorí wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Dókítà fa àwo kan jáde. Àmì wínníwínní ti bò ó, bí ẹni pé wọ́n bu ata gbígbẹ wọ́n ọn. Ó fi omi ṣàn án, wọn ò ṣí. Ó gbé e sábẹ́ awò, kò sí èyí tó ń na ẹsẹ̀ mọ́. Wọn ò ní ẹsẹ̀ mọ́. Ìdá mẹ́ta ọmọ tó wà níbẹ̀rẹ̀, ìdá kan péré ló dúró. Dókítà ní ó tó, ó pọ̀ ju ohun tí ọ̀gá àgbà ń béèrè lọ, kò sẹ́ni tó máa ti ilé ọmọ pa mọ́. Ó sunkún díẹ̀, ó fi apá aṣọ nu ojú. Ìyá náà ń wò ó, ó ń ṣe ìlara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ sórí awò. Níbi àtàńpàkò, lórí ike lásán tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ti bò, mẹ́ta wà níbẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.

Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ẹ káàsán, ó ní, "Wá sílé lọ́la." Ọmọ náà béèrè bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀. Ó ní nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, kó ṣáà wá.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìdajì ọjọ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ìyá náà fi gbogbo àárọ̀ yí àwọn àwo náà padà nínú omi, kí ọmọ òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè jọ rí oúnjẹ jẹ. Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, ó dé ibi ẹ̀rọ omi ẹnu ọ̀nà, níbi tó ti máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lọ sílé. Ó di ẹ̀rọ náà mú. Ó fi í sílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí ara rẹ̀ bí ẹni tó gbé nǹkan tó lè dà.

Ọmọ rẹ̀ ti jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ilẹ̀kùn. Ó dìde kí i, ó na ọwọ́ láti gba báàgì rẹ̀, ó sì dúró. Ó jọ̀wọ́ báàgì. Ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e sí imú, kò sì tètè gbé e kúrò.

"Màámi," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ fọ ọwọ́ yín."

Ìyá rẹ̀ ní òun kò ní í fọ̀ ọ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn náà, ọmọ jókòó tì í, kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Inú ìka ló ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń rí béèyàn bá yọ ọwọ́ kúrò nínú omi tútù. Ó gba apá gòkè, ó dé èjìká, ó dé àyà. Ìyá Kànìnkànìn la ẹnu láti sọ pé ó ń dun òun, ẹkún ló jáde.